Má dúró de òfin tuntun, má sì purọ́ mọ́ ọkọ rẹ

Àbúrò mi, mo rí ìbéèrè rẹ, mo sì rí àwọn èsì tí ó tẹ̀ lé e. O ní rẹ́jísìrì ni ìwọ àti ọkọ rẹ ti ṣe ìgbéyàwó yín ní Òṣogbo níbí, pé ẹ ti ń gbé lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ fún ọdún kan àti oṣù mélòó kan, ìwọ àti àwọn ọmọ ní Ayétòrò, òun ní Ìlobùú, pé kò sí ìjà, kò sí èpè, àti pé ẹ̀yin méjèèjì ti gbà pé ó tó gẹ́ẹ́. O wá ń béèrè bóyá kí o ní sùúrù de òfin tuntun tí ẹnìkan sọ pé Ilé-ìgbìmọ̀ Aṣòfin Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun fẹ́ ṣe, òfin tí kò ní béèrè ẹ̀sùn lọ́wọ́ tọkọtaya kí ó tó tú wọn ká, tàbí kí o tètè lọ gba àṣẹ ìpínyà nílé-ẹjọ́, ìyẹn àṣẹ pé kí ẹ máa gbé lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ láìtú ìgbéyàwó ká, kí ọdún lè bẹ̀rẹ̀ sí í kà fún yín. Àwọn kan ti dá ọ lóhùn pé ààwẹ̀ ni kí o gbà. Mo gba ààwẹ̀ nígbà tèmi, mo sì gba àṣẹ ilé-ẹjọ́ lẹ́yìn rẹ̀. N kò ní bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí èyí tí ó ṣiṣẹ́ nínú méjèèjì.

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú ti Ilé-ìgbìmọ̀ Ọ̀ṣun kúrò nílẹ̀, nítorí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ni ó máa ń mú kí ènìyàn káwọ́ gbera fún ọdún gbọọrọ. Ìpínlẹ̀ kankan kò ní agbára láti ṣe òfin tí yóò tú ìgbéyàwó rẹ́jísìrì ká. Ìwé Òfin Ilẹ̀ Nàìjíríà ti ọdún 1999 to àwọn ohun tí ìjọba àpapọ̀ nìkan lè ṣe òfin lé lórí, nọ́ńbà 61 nínú wọn sì ni ṣíṣe ìgbéyàwó, fífagi lé e àti títú u ká, àyàfi ìgbéyàwó ìbílẹ̀ àti ti ẹ̀sìn Ìsìláàmù. Nítorí náà, Àbújá nìkan ni wọ́n ti lè yí òfin tí ó de ìwọ àti ọkọ rẹ padà. Bí àwọn aṣòfin Àbújá bá tilẹ̀ gbé e jókòó lónìí, tí wọ́n kà á títí tí wọ́n fi parí, bí Ààrẹ kò bá tíì fọwọ́ sí i, adájọ́ kò ní wo apá ibẹ̀. Òfin ọdún 1970 ni yóò ṣí síwájú rẹ.

Òfin náà, tí àwọn agbẹjọ́rò ń pè ní Matrimonial Causes Act, jáde lábẹ́ ìjọba ológun ní oṣù kẹta ọdún 1970, nígbà tí ogun abẹ́lé ṣẹ̀ṣẹ̀ parí. Bí o bá kà á nínú ilé rẹ, o ó rò pé ó láàánú lójú. Ìdí kan ṣoṣo ni ó ní a lè fi tú ìgbéyàwó ká, ìyẹn ni pé ó ti fọ́ kọjá àtúnṣe. Ṣùgbọ́n bí ó ti sọ bẹ́ẹ̀ tán ni ó yí ohùn padà, tí ó ní adájọ́ kò gbọdọ̀ gbà pé ó ti fọ́ àfi bí olùpẹ̀jọ́ bá fi ẹ̀rí ọ̀kan, ó kéré tán, nínú ohun mẹ́jọ hàn: pé ẹnìkejì mọ̀ọ́mọ̀ kọ̀ jálẹ̀ láti bá a lò pọ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n ti fẹ́ ara wọn; pé ó ṣe panṣágà, tí olùpẹ̀jọ́ kò sì lè fara da bíbá a gbé mọ́; pé ìwà rẹ̀ ti kọjá ohun tí a lè retí kí ènìyàn máa bá gbé; pé ó kọ ẹnìkejì rẹ̀ sílẹ̀ lọ, tí ó sì ti tó ọdún 1; pé wọ́n ti gbé lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ fún ọdún 2, tí ẹnìkejì kò sì ta ko ìtúká; pé wọ́n ti gbé lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ fún ọdún 3, ì báà ta kò ó, ì báà má ta kò ó; pé ó kọ etí ikún fún ọdún 1 sí àṣẹ ilé-ẹjọ́ tí ó ní kí ó padà sọ́dọ̀ ẹnìkejì rẹ̀; tàbí pé ó ti pòórá débi tí a fi lè gbà pé ó ti kú. Wò ó dáadáa. Àwọn tí ó yá níbẹ̀ ni àwọn tí o gbọ́dọ̀ fi ba ẹnìkejì rẹ lórúkọ jẹ́. Àwọn tí kò ní ìbanilórúkọjẹ́ nínú ni àwọn tí o gbọ́dọ̀ fi ọjọ́ orí rẹ rà.

Ní tèmi, ọkọ mi kò gbà. Ó ní òun kò ní kọ̀wé, òun kò ní fọwọ́ sí nǹkan kan, pé kí n máa jẹ́ ìyàwó òun nínú ìwé títí ayé. Ìyẹn ni pé ọdún 2 pẹ̀lú ìfọwọ́sowọ́pọ̀ kò ṣeé lò fún mi, ọdún 3 sì jìnnà, nítorí pé abẹ́ òrùlé kan náà ni a ṣì wà. Agbẹjọ́rò mi ní kí a gùn lé ti ìwà. Ó fa ìwé yọ, ó ní kí n máa sọ, kí òun máa kọ: ọjọ́ wo ni, níbo ni, ta ni ó wà níbẹ̀, kí ni ó sọ, kí ni ìwọ náà sọ. Mo sọ fún un bí ọkọ mi ti ń fi àgádágodo ti ilé ìdáná, tí ó ń gbé kọ́kọ́rọ́ lọ sí ṣọ́ọ̀bù, tí mo fi ń se oúnjẹ àwọn ọmọ lórí sítóòfù ní ẹ̀yìnkùlé, tí mo ń fi agbòjò bo ìkòkò nígbà tí òjò bá dé. Agbẹjọ́rò náà dá kálàmù dúró, ó wo aago ọwọ́ rẹ̀, ó ní, "Màmá, ilé-ẹjọ́ yóò fẹ́ ohun tí ó wúwo ju ìyẹn lọ." Ó ní ṣé kò lù mí ni. Ó ní ṣé kò ní obìnrin níta ni. Ó ń bi mí bí ẹni tí ń ná ọjà, mo sì rí i pé bí mo bá sọ pé ó gún mi lọ́bẹ, inú rẹ̀ yóò dùn.

Ẹni tí kò bá tíì dúró nínú àpótí ẹlẹ́rìí kò lè mọ ohun tí òfin yìí ń béèrè lọ́wọ́ ènìyàn. Olùkọ́ ni mí ní ilé-ẹ̀kọ́ gíráámà. Ní ọjọ́ tí wọ́n pe ẹjọ́ mi, àwọn ẹlẹ́jọ́ ilẹ̀ tí wọ́n ń dúró de tiwọn ni wọ́n kún orí bẹ́ǹṣì, bàbá ọmọ kan tí mo ń kọ́ sì wà láàárín wọn. Níṣojú wọn ni mo ti sọ ọ̀rọ̀ ilé ìdáná, tí mo ti sọ ọ̀rọ̀ owó oúnjẹ, tí mo ti sọ àwọn ọ̀rọ̀ kan tí n kò tíì sọ létí ìyá tí ó bí mi. Nígbà tí agbẹjọ́rò ọkọ mi dìde, kò bi mí léèrè ọ̀kankan nínú wọn. Fọ́tò ni ó gbé lé mi lọ́wọ́. Fọ́tò ìgbéyàwó ọmọ ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ni, èmi àti ọkọ mi dúró pọ̀ nínú àǹkárá kan náà, mo wé gèlè, mo sì ń rẹ́rìn-ín.

Ó ní, "Ṣé ìwọ nìyí?" Mo ní èmi ni. Ó ní, "Ta ni ó ra aṣọ náà fún ọ?" Mo fẹ́ ṣàlàyé pé ìyá ọkọ mi ni ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé e wá, àti pé ní ìlú yìí, ẹni tí ó bá kọ aṣọ ẹbí ti kọ gbogbo ẹbí nìyẹn, ó ti pe ogun sórí àwọn ọmọ rẹ̀. Adájọ́ kò gbé ojú sókè nínú ìwé tí ó ń kọ. Ó ní kí n dáhùn ohun tí wọ́n bi mí. Agbẹjọ́rò náà ní, "Ẹni tí ó ní òun kò lè bá ọkọ òun gbé ni ó ń rẹ́rìn-ín báyìí, àbí òun kọ́?" Mo ní òun ni. Ohun tí wọ́n kọ sílẹ̀ nìyẹn. Mo fẹ́ kí gbogbo ẹni tí ń sọ pé òfin yìí ń dáàbò bo ìgbéyàwó wá jókòó kí ó ro èyí: nítorí pé mo gbìyànjú láti máa bu ọlá fún ẹbí ọkọ mi, ọlá náà di ẹ̀rí tí wọ́n fi ta kò mí. Bí mo bá ti ń bú wọn ní gbangba láti ọdún àkọ́kọ́ ni, ẹjọ́ mi ìbá lágbára.

Ìdádúró kò ṣeé fi ẹnu sọ tán. Bélífù ní òun kò rí ọkọ mi kí òun fún un ní ìwé, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹni tí ó ń ná ọjà ní agbègbè Ọjà Ọba tí kò mọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ ilé-ẹjọ́ yan iṣẹ́ lódì jákèjádò ilẹ̀ Nàìjíríà ní ọdún 2021, kóòtù wà ní títì pa fún nǹkan bí oṣù méjì. Akọ̀wé ní fáìlì kò sí nílẹ̀, ó tún wà nílẹ̀ lẹ́yìn tí mo fún un ní "owó ọkọ̀". Ìgbà tí mo ti jẹ́rìí tán, tí mo ti fara da fọ́tò, ni wọ́n gbé adájọ́ lọ sí ìlú mìíràn. Ẹjọ́ tí adájọ́ tuntun bá gbà ní irú ipò bẹ́ẹ̀, láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀ ni yóò tún gbọ́ ọ. Mo tún búra. Mo tún sọ ọ̀rọ̀ ilé ìdáná. Fọ́tò náà tún jáde, ẹ̀ẹ̀kejì sì ni mo tún dáhùn pé èmi ni mo ń rẹ́rìn-ín. Nígbà tí ìdájọ́ wá jáde níkẹyìn, kí ni adájọ́ kejì gbé e lé? Àgádágodo ilé ìdáná ni, èyí tí agbẹjọ́rò mi ní kò wúwo tó.

Àwọn tí a yá òfin yìí lọ́wọ́ wọn ti jù ú nù láti ọjọ́ pípẹ́. Apá púpọ̀ nínú rẹ̀ ni a kó láti inú òfin tí Ọsirélíà ṣe ní ọdún 1959, a sì fi díẹ̀ kún un láti inú èyí tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe ní ọdún 1969. Ní ọdún 1975, Ọsirélíà fagi lé gbogbo ọ̀rọ̀ ẹ̀sùn, ó ní bí tọkọtaya bá ti gbé lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ fún oṣù 12, ó tó. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pẹ́ jù wọ́n lọ. Ní ọdún 2018, ilé-ẹjọ́ tí ó ga jù níbẹ̀ sọ fún obìnrin kan tí ń jẹ́ Tini Owens, ẹni tí ó ti fẹ́ ọkọ rẹ̀ láti ọdún 1978, pé ìwà tí ó kà sílẹ̀ kò tó, àti pé yóò ní láti dúró títí ọdún 5 tí ó ti kúrò nílé yóò fi pé, nítorí pé ọkọ rẹ̀ kò gbà. Àwọn adájọ́ náà fúnra wọn sọ pé inú àwọn kò dùn sí i, pé iṣẹ́ aṣòfin ni. Àwọn aṣòfin sì ṣe é: láti ọjọ́ 6 oṣù kẹrin ọdún 2022, ẹnìkan lè kọ̀wé, àwọn méjèèjì sì lè jọ kọ ọ́, pé ìgbéyàwó ti fọ́, kò sí ẹni tí yóò bi wọ́n pé báwo. Wọ́n yóò dúró fún ọ̀sẹ̀ 20 kí wọ́n tó gba àṣẹ àkọ́kọ́, àti ọ̀sẹ̀ 6 mìíràn kí ó tó di àṣekágbá.

N kò ní kí a gbé ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wá ní odindi. Ní ilẹ̀ wa, tí orúkọ ọkọ nìkan ti máa ń wà lórí ìwé ilẹ̀, bí ọkùnrin bá lè tú ìgbéyàwó ká láàárín oṣù mẹ́fà láìsọ ìdí, ìyàwó tí ó fi owó àjọ rẹ̀ ra sìmẹ́ǹtì ni yóò kó ẹrù jáde. Òfin 1970 fún adájọ́ ní agbára láti pín dúkìá bí ó bá ti tọ́ lójú rẹ̀, ṣùgbọ́n rìsíìtì ni wọ́n ń béèrè, àwa obìnrin mélòó ni a sì ń gba rìsíìtì lọ́wọ́ ọkọ wa? Èyí tí mo fẹ́ ni pé kí àwọn tí ó bá jọ fẹ́ ẹ, bí tìrẹ àti ti ọkọ rẹ, lè jọ kọ̀wé lẹ́yìn ọdún 1 láìka ẹ̀sùn kankan, kí ẹni tí ń dá a fẹ́ dúró fún ọdún 2, kí ọ̀rọ̀ ilé àti ọmọ sì ti yanjú kí àṣẹ tó jáde. Kí wọ́n sì yọ ti ìwà kúrò pátápátá. Ẹni tí wọ́n bá ń lù, ọlọ́pàá àti ilé-ẹjọ́ ọ̀daràn ni kí ó gbọ́ tirẹ̀, kì í ṣe kí a máa fi ọgbẹ́ rẹ̀ díwọ̀n bóyá ìgbéyàwó ti fọ́.

Ṣùgbọ́n má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tì ọ́ sínú irọ́ nítorí pé o kò fẹ́ dúró. Àwọn agbẹjọ́rò kan yóò sọ fún ọ pé kí ẹ jọ fẹnu kò, kí ọkọ rẹ gbà pé òun ṣe panṣágà, kí ọ̀rọ̀ parí. Òfin náà ní bí tọkọtaya bá gbìmọ̀ pọ̀ láti fi èrú gba àṣẹ, adájọ́ kò ní fún wọn. Panṣágà tí ẹ bá sì dárúkọ, ẹni tí ẹ ní ó bá a ṣe é gbọ́dọ̀ wọ inú ẹjọ́ pẹ̀lú yín. Ọmọ ta ni ẹ fẹ́ gbé orúkọ rẹ̀ síbẹ̀? Àwọn mìíràn yóò ní ọdún 1 ti kọjá, kí o sọ pé ọkọ rẹ kọ̀ ọ́ sílẹ̀ lọ. Irọ́ ni èyí náà. Ẹni tí ẹ jọ fi ohùn ṣọ̀kan pé kí ó máa lọ kò kọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀, ìbéèrè kan ṣoṣo láti ẹnu adájọ́ ni yóò tú àṣírí rẹ̀.

Mo mọ̀ pé o kò béèrè èyí tí ó kàn, ṣùgbọ́n àwọn mìíràn ń kà á. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Òṣogbo ń gbé ìgbéyàwó rẹ́jísìrì lọ sí kóòtù ìbílẹ̀, nítorí pé ó yá, owó rẹ̀ kò pọ̀, Yorùbá ni wọ́n sì ń sọ níbẹ̀. Ìwé tí wọ́n bá fún yín níbẹ̀ lè tú ìdána ká, owó orí sì lè padà, ṣùgbọ́n ìgbéyàwó rẹ́jísìrì ṣì wà níbi tí ẹ fi í sí. Ilé-ẹjọ́ gíga nìkan ni ó lè tú u. Ẹni tí ó bá fi ìwé kóòtù ìbílẹ̀ yẹn fẹ́ ẹlòmíràn ní rẹ́jísìrì, òfo ni ìgbéyàwó kejì, òfin ìwà ọ̀daràn sì ní ẹ̀wọ̀n ọdún 7 fún un. Àwọn tí ó ṣe tiwọn ní ṣọ́ọ̀ṣì náà, kí wọ́n lọ wo ìwé wọn bóyá ti ìjọba ni tàbí ti ṣọ́ọ̀ṣì lásán. Ẹni tí ìgbéyàwó rẹ̀ kò bá sì tíì pé ọdún 2, àyàfi nínú ọ̀ràn bíi mélòó kan, yóò kọ́kọ́ gba àyè lọ́wọ́ adájọ́ kí ó tó lè pe ẹjọ́ ìtúká rárá.

Ti àṣẹ ìpínyà tí o béèrè gan-an: má ná owó rẹ síbẹ̀. Ohun kan náà tí òfin ń béèrè fún ìtúká ni ó ń béèrè fún un, nítorí náà, bí o kò bá ní ẹ̀sùn tí o lè fi gba ọ̀kan, o kò ní èyí tí o lè fi gba èkejì. Bí o bá sì rí i gbà, ìyàwó rẹ̀ ni o ṣì jẹ́, kò sí èyí tí ó lè fẹ́ ẹlòmíràn nínú yín. Ọdún yín kò nílò àṣẹ kankan kí ó tó máa kà. Ó ti ń kà láti ọjọ́ tí ẹ ti ya ilé pẹ̀lú èrò pé ó ti parí. Ohun tí o nílò ni ẹ̀rí ọjọ́ náà: rìsíìtì owó ilé ti Ayétòrò, àti ohun tí ìwọ àti òun kọ sí ara yín lákòókò náà. Bí ó bá jẹ́ orí fóònù ni ẹ ti kọ ọ́, jẹ́ kí agbẹjọ́rò ṣe ìwé ìjẹ́rìí tí ẹ̀ka 84 nínú òfin ẹ̀rí ti ọdún 2011 béèrè, nítorí pé láìsí i, wọn kò ní gbà á. Bí o bá fẹ́, ẹ lè kọ ọ́ sílẹ̀ nísinsìnyí pẹ̀lú ìbúra àwọn méjèèjì.

Bí ọdún 2 bá ti pé, ìyókù kò le: ìwé ẹ̀rí ìgbéyàwó, ìwé ìpẹ̀jọ́, ìbúra, agbẹjọ́rò rẹ mọ̀ ọ́n. Kí ẹ ti kọ ètò àwọn ọmọ sílẹ̀ ṣáájú, ibi tí wọn yóò máa gbé, ẹni tí yóò san owó ilé-ìwé àti iye tí yóò máa san, nítorí pé bí ọmọ tí kò tíì pé ọdún 16 bá wà, àṣẹ kò ní di àṣekágbá títí adájọ́ yóò fi gbà pé ètò wọn dára. Lẹ́yìn àṣẹ àkọ́kọ́, oṣù 3 ni ẹ ó tún dúró. Kí ẹnikẹ́ni má sì ṣe ètò ìgbéyàwó mìíràn láàárín oṣù 3 náà. Ìwé tí ọkọ rẹ yóò fi sọ pé òun kò ta kò ó, jẹ́ kí agbẹjọ́rò tirẹ̀ ni ó kọ ọ́, kì í ṣe tìrẹ, kí ó má baà di pé ó jí lọ́jọ́ kan, kí ó ní ìwọ ni o tàn òun fọwọ́ sí i.